Wọ́n fi ìbò borí Sapara Williams, ṣùgbọ́n òun ló jàre

Tí ìdìbò bá ti ń súnmọ́lé ní Òkìtìpupa, ẹ wo ara ògiri nìkan, ẹ ó mọ iye lọ́yà tá a ní nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Pósítà kan á gbé orúkọ jáde, Barrister ló máa ṣáájú orúkọ ọ̀hún. Ìkejì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn míì á wọ aṣọ dúdú kóòtù àti írun funfun orí wọn ya fọ́tò, kí ìyá tó ń ta pupuru lọ́jà lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló ń bọ̀.

Mi ò bínú sí wọn o. Ẹni tó mọ òfin ló yẹ kó lọ ṣòfin, àbí? Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó máa ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí lọ́yà bá kúrò ní kóòtù tó bọ́ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí ló ń gbé lọ síbẹ̀ fún wa? Ṣé ẹnu tó fi ń gba ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ rò ni, àbí aṣọ dúdú yẹn nìkan?

Èmi ní ẹnì kan tí mo fi ń wọ̀n wọ́n. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1915, kì í ṣe ọmọ ìlú wa, kò sì gba ìbò ẹnikẹ́ni rí láyé ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ ni Christopher Alexander Sapara Williams. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìwòyí, ẹ má rẹ́rìn-ín o, Sapara ni mo wí, kì í ṣe sapa tó ń gbé gbogbo wa ṣánlẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ lè ní kí ló kan ọmọ Ìkálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ṣe lọ́yà l’Ékòó. Ó kàn wá dáadáa. Nígbà tí ogun gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, tí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú sì di ojú ọ̀nà mú, ìhà ọ̀dọ̀ wa làwọn Ìjẹ̀ṣà tó wà l’Ékòó ń gbà relé. Láti ọdún 1872 tí John Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ti ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra l’Ékòó, tí wọ́n á gba ojú ọ̀sà bọ̀ lápá Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Ayésàn, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn la Oǹdó kọjá lọ sí Ìlẹṣà. Ọ̀nà yìí kan náà ni ìbọn ìgbàlódé gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì. Nítorí náà, àlejò kọ́ ni Ìjẹ̀ṣà Èkó lọ́dọ̀ wa. Omi wa ni wọ́n tù.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ìtàn ọkùnrin yìí láti ìpìlẹ̀. Ìlú Freetown, ní Sierra Leone, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1855, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni. Bí Yorùbá ṣe dé Freetown kì í ṣe ìtàn ayọ̀. Ogun kó wọn, wọ́n tà wọ́n sínú ọkọ̀ òyìnbó tó ń kó ẹrú, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gba ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n já wọn sí Sierra Leone. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́ Williams, Johnson, Davies àti George. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá s’Ékòó, àwọn ará ìlú sì ń pè wọ́n ní Sàró.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kò kéré lójú wọn. Àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ dókítà, Alexander Johnson Williams ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1895, ó ju gbogbo ẹ̀ nù, ó di Ògúntọ́lá Sapara. Dókítà yìí ló dọ́gbọ́n wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń ràn káàkiri. Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ kò ju Williams nù, ó kàn jẹ́ kí Sapara ṣáájú ẹ̀ ni. Bí ayé ẹ̀ ṣe rí nìyẹn: ẹsẹ̀ kan nínú ìwé òyìnbó, ẹsẹ̀ kan nínú ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá, kò sì yọ ìkankan níbẹ̀.

Ní London, ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà tí wọ́n ń pè ní Inner Temple ló ti kàwé, ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1879 ni wọ́n sì gbà á sí iṣẹ́ lọ́yà. Nínú gbogbo ọmọ ilẹ̀ tá a wá ń pè ní Nàìjíríà lónìí, òun ni àkọ́kọ́. Nígbà tó di 1888 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l’Ékòó.

Ẹ wo irú kóòtù tó bá nílẹ̀. Òfin ọdún 1876 tó dá Kóòtù Gíga sílẹ̀ l’Ékòó gbà pé lọ́yà tó kàwé gboyè kò tó nǹkan. Wọ́n wá fàyè sílẹ̀ pé ẹni tó bá mọ ìwé díẹ̀, tó ti gbọ́ nǹkan kan nípa òfin Gẹ̀ẹ́sì, lè gba ìwé àṣẹ oṣù mẹ́fà-mẹ́fà láti máa gba ẹjọ́ rò. Lára wọn, àwọn kan gbọ́n lóòótọ́, kò sì sí ohun tá a lè fi bú wọn, torí àwọn ni wọ́n dúró ti ará ìlú nígbà tí kò sẹ́lòmíì. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó, kí ilé bàbá yín wà nínú ẹjọ́, kí adájọ́ jẹ́ òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá, kí ẹni tó ń gbẹnu sọ fún yín sì jẹ́ ẹni tí ìwé àṣẹ ẹ̀ máa parí lóṣù tó ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni Sapara Williams ti dá yàtọ̀. Ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì wà lórí ẹ̀, àmọ́ òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ìyẹn àṣà àti ìṣẹ̀dálẹ̀ Yorùbá, òun ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. L’Ékòó nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló pọ̀ jù ní kóòtù. Òyìnbó rò pé ilẹ̀ dà bí aṣọ, pé ẹni tó bá ti sanwó ẹ̀ ló ni ín. Yorùbá ní rárá, ilẹ̀ ẹbí ni, òkú ní ìpín nínú ẹ̀, ọmọ tí wọn ò tí ì bí náà ní ìpín. Bàbá kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀: ṣé ìdí-igi la máa fi pín ogún, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan, àbí orí-ò-jorí, kí gbogbo ọmọ máa gba ìpín kan náà? Àdìtú ni lójú adájọ́ tó ti Liverpool wọkọ̀ wá. Ẹni tó lè tú u fún un ní èdè tó yé e, tí kò sì ní pa á dà kó tó dé etí ẹ̀, ọ̀gá lọ́yà ni. Láti ọdún 1900 títí tó fi kú, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà. Wọ́n ní ó gbà pé torí kó lè tọ́ àwọn èèyàn ẹ̀ sọ́nà, kó sì gbé ìlú ẹ̀ lékè ni lọ́yà fi wà láyé. Títí dòní, tí àwọn lọ́yà Nàìjíríà bá ṣe àpèjọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Ká máa sọ ọ́ rọrùn o. Ká máa ṣe é ló kù.

Oṣù kẹwàá ọdún 1901 ni wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ilé aṣòfin ọ̀hún ṣe rí. Kò sí ìdìbò. Gómìnà òyìnbó ló ń mú ẹni tó bá wù ú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà, ohun tí gómìnà bá sì fẹ́ ni wọ́n ń dìbò fún, torí ọ̀gá wọn ni. Ará ìlú bíi mélòó kan ni wọ́n fi há àárín wọn, òyìnbó oníṣòwò wà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ sì wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, àwọn ọmọ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni Charles Joseph George tó jẹ́ oníṣòwò, Dókítà Obadiah Johnson, àti Sapara Williams. Àwọn mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n bá ka ìbò, ìjọba ló máa wọlé. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Kí lèèyàn lè fi irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe? Ẹlòmíì á fi wá kọ́ńtíráàtì. Ẹlòmíì á kàn jókòó kó lè máa jẹ́ Ọnọrébù. Ẹ wo ohun tí Williams fi tiẹ̀ ṣe.

Lọ́dún 1903, Gómìnà MacGregor gbé òfin ìwé ìròyìn wá. Òfin ọ̀hún ní ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn jáde gbọ́dọ̀ wá onídùúró, kó sì fi pọ́n-ùn 250 dúró ná. Owó ńlá gbáà ni nígbà náà. Ìjọba ní torí káwọn oníwèé ìròyìn má bàa máa ba èèyàn lórúkọ jẹ́ ni. Àwọn ọmọ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìwé ìròyìn lẹ́nu tí ará ìlú ní. Wọ́n ka ìbò, òfin wọlé.

Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ owó oníbodè dé. Àwọn ọba ilẹ̀ Yorùbá ń gba owó ibodè lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń kọjá, ìjọba sì ń rò ó pé kí wọ́n fòpin sí i, kí wọ́n máa fún àwọn ọba lówó dípò ẹ̀. MacGregor bi àwọn mẹ́ta yìí léèrè. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn ọba máa gba owó ibodè wọn lọ. Bí èmi ṣe rí i sí nìyí: ọba tó ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba ti di òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ wo ọba mélòó tó lè bá gómìnà jiyàn lónìí, ẹ ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún 1904, ó gbé èyí tó tóbi jù wá. Ó ní ààlà tí òyìnbó fà láàrin Gúúsù Nàìjíríà àti Àríwá kò tọ̀nà, kí wọ́n tún un fà, kí gbogbo ẹni tó ń sọ èdè Yorùbá lè wà lábẹ́ ìjọba kan náà. Ẹni tó bá ti dé Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, tàbí tó bá ti bá àwọn Ìgbómìnà tó wà ní Kwara sọ̀rọ̀, mọ ohun tó ń sọ. Wọn ò dá a lóhùn. Ọdún 1914 tí wọ́n so Àríwá pọ̀ mọ́ Gúúsù, ààlà ọ̀hún wà níbẹ̀, a sì ń fa ọ̀rọ̀ ẹ̀ dònìí.

Ó tún gbéra lọ sí London lọ́dún 1905, ó kó ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ òkèèrè fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ti máa kọ́ àwọn olùkọ́ sí Èkó. Ó tún ní tí gómìnà tuntun bá dé, kó máa bá ètò ẹni tó ṣáájú ẹ̀ lọ, kó má máa wó ohun tí ẹni àná kọ́. Àbí ẹ ò rí i? Ẹ̀yin tí gómìnà tuntun ti pa iṣẹ́ ọ̀nà yín tì rí torí pé gómìnà àná ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tí ì gbó.

Ọdún 1909 wá ni wọ́n gbé òfin tó dùn ún jù wá. Kó tó di ìgbà náà ni ara ti ń kan ìjọba. Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, ó sì ní ará ìlú ló máa sanwó ẹ̀. Àwọn èèyàn ní kànga tàwọn tó àwọn mu, wọ́n ní òyìnbó ló fẹ́ wẹ̀. Lọ́dún 1908, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ya jáde láti kọ̀ ọ́, àwọn ìwé ìròyìn sì ń gbóná mọ́ ìjọba. Egerton wá mú òfin ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ jáde. Ohun tí òfin náà dá lé ni pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tàbí tó kọ ohun tó lè mú káwọn èèyàn kórìíra ìjọba, ẹ̀wọ̀n ń dúró dè é.

Sapara Williams dìde. Ó rán àwọn Gẹ̀ẹ́sì létí pé òmìnira ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń yangàn nílùú tiwọn. Ó ní ọ̀tẹ̀ ṣíṣe kò sí nínú ìwà Yorùbá. Ó wá fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sí i: ó lè jẹ́ pé ẹni tó wà lórí àga lónìí kò ní ṣi òfin náà lò, àmọ́ lọ́la, àwọn kan tára ń tètè ta lè gorí àga ọ̀hún, kí wọ́n máa rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo àtakò, kí wọ́n sì máa ka gbogbo ìpàdé ará ìlú sí ìwà ọ̀daràn.

Wọ́n ka ìbò. Òfin wọlé.

Ẹlòmíì á ní ó tán, ó ti ṣe tiẹ̀. Òun kò sùn lé e. Ó pe Herbert Macaulay, wọ́n jọ dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ l’Ékòó, ìyẹn Anti-Slavery and Aborigines’ Protection Society, oṣù kẹjọ ọdún 1910 ni wọ́n sì ṣí i. Tí ilé aṣòfin kò bá gbọ́, kí wọ́n gbọ́ ní London. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1915 ló kú, ó ṣì ń jókòó lórí àga aṣòfin ọ̀hún. Ó lo ọdún mẹ́rìnlá síbẹ̀ ó dín díẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Lọ́dún 1916, wọ́n sọ James Bright Davies, olóòtú Times of Nigeria, sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀. Ọdún 1916 yẹn náà ni wọ́n kó òfin ọ̀tẹ̀ wọnú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, ó sì jókòó síbẹ̀ pa. Nígbà tó di 1949, wọ́n fi kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Zikist sẹ́wọ̀n, Raji Abdallah àti Osita Agwuna. Anthony Enahoro, tí wọ́n bí lọ́dún 1923, jókòó gẹ́gẹ́ bí alága níbi tí Agwuna ti sọ̀rọ̀, òun náà wẹ̀wọ̀n. Ipò alága ìpàdé ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ohun tí Williams ní ó máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn gan-an.

Òyìnbó lọ, òfin ọ̀hún kò bá wọn lọ. Àwọn èèyàn tiwa jogún ẹ̀. Lásìkò ìjọba Jim Nwobodo ní ìpínlẹ̀ Anambra, wọ́n fi ká Arthur Nwankwo lọ́wọ́ kò nítorí ìwé tó kọ nípa gómìnà, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n fún un. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, tí wọ́n sọ pé òfin ọ̀tẹ̀ yẹn kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè olómìnira mu. Láti 1909 sí 1983, ọdún 74 ni. Ó gba ọdún 74 kí kóòtù tó gbà pé lọ́yà tí wọ́n fi ìbò borí nílé aṣòfin ló jàre.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní gómìnà òyìnbó ló yàn án, ará ìlú kọ́. Òótọ́ ni. Wọ́n á ní ọlọ́lá ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ìgbìmọ̀ náà, ìyá tó ń ta ẹja l’Éhìn Ìgbẹ̀tì kò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Òótọ́ náà ni. Wọ́n á ní bó ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, ńṣe ló ń bá òyìnbó kun ilé wọn ní ọ̀dà. Èyí gan-an ló yẹ ká rò dáadáa. Bí kò bá jókòó, òfin 1909 á ṣì wọlé, àmọ́ kò ní sí àkọsílẹ̀ kankan pé ọmọ ilẹ̀ kan dìde, tó ní kò dáa, tó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi dáa. Ẹni tí gómìnà yàn ló dójú kọ gómìnà. Àwọn tí àwa fọwọ́ ara wa yàn ńkọ́?

Mo ní àbúrò kan nílé, kò tí ì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Olóṣèlú kan wá ṣí kànga ẹ̀rọ ládùúgbò wọn, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, omi kò jáde. Ọmọ náà ya fídíò ẹ̀ sórí Facebook. Ó sun àgọ́ ọlọ́pàá kan fún alẹ́ méjì, wọ́n ní ó ń da ìlú rú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, gbólóhùn tí wọ́n ń tún sọ fún mi ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè bí ìjà. Kí n má parọ́, Egerton ló wá sí mi lọ́kàn.

Òfin ọ̀ràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2015, ẹ ka abala 24 ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó bá bí ẹlòmíì nínú lásán lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Kóòtù ECOWAS ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2022, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024, àmọ́ wọn ò dẹ́kun fífi mú oníròyìn àti ọmọ orí Facebook. Lọ́yà pọ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l’Abuja nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin yìí. Èwo nínú wọn ló dìde, tó ní ará àwọn tó ń bọ̀ lọ́la lè máa tètè ta?

Ọ̀rọ̀ Abuja jìnnà, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Àga mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó l’Ákùúrẹ́. Méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti Òkìtìpupa, ọ̀kan jẹ́ ti Ìrèlè. Àwa là ń dìbò gbé wọn débẹ̀, kò sí gómìnà òyìnbó tó ń yàn wọ́n fún wa. Nígbà tí Barrister bá tún dé ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ẹ gba ìrẹsì tó bá wù yín, àmọ́ ẹ bi í léèrè: òfin wo lo ti takò rí, Ọnọrébù, níbo ni wọ́n kọ ohun tó o sọ sí? Tó bá ti wà lórí àga tẹ́lẹ̀, tí kò rí òfin kan ṣoṣo tọ́ka sí láàrin ọdún mẹ́rin, a jẹ́ pé aṣọ dúdú yẹn nìkan ló ń gbé lọ s’Ákùúrẹ́.